Bàbá, Abẹ Náà Ò Ní Padà Wá Sí Ṣakí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, olóólà tí ọwọ́ wọn fúyẹ́. Èmi Ráfíátù, ọmọ yín tó wà ní Atakpamé, kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Ìyá mi. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù àti ìyàwó wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n kú ewu ọmọ. Mo kí gbogbo agboolé, títí kan àwọn àgbà tó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n sí. Ara mi le, mo ń jẹun, mo sì ń kírun.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè ìdí tí mi ò fi pè yín lórí fóònù. Fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí n tó kí yín tán, ẹ ó ti máa bá mi wí, Ìyá á gba fóònù lọ́wọ́ yín, ibi tí wọ́n bá ti ń bi mí bóyá mo ti rí ọkọ ni yóò sì já sí. Lẹ́tà kò ṣeé já gbà lẹ́nu. Mo sì gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí ará ìta náà lè kà á, torí kì í ṣe agboolé tiwa nìkan ni abẹ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù níbẹ̀. Àlájì Gáníyù ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n abẹ tí ẹ fi rán wọn sí mi kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bèèrè rẹ̀, èmi ni mi ò fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún lẹ́tà náà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé ọjà ló gbé mi dé ìhín. Àǹtí Síkírá, àbúrò Ìyá mi, ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn ta lẹ́ẹ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ni ti ọ̀gá mi Jósẹ́fù. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé níbí ni wọ́n, Kátólíìkì ni wọ́n, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń fín àwòrán sí ènìyàn lára. Táátù ni wọ́n ń pè é níbí, ṣùgbọ́n ara fínfín kan náà ni, irú èyí tó wà lápá ìyá yín. Wọ́n á sọ Ifẹ̀, èmi á sọ Yorùbá, a ó pàdé lójú ọ̀nà; ibi tí a ò bá ti lè pàdé, Faransé mi tó ń tiro ló máa ń parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí ọjà kò tà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ òsì fa awọ ara le. Ọwọ́ ọ̀tún ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sáré, kò sì dúró. Ẹ̀yin ni mo rí, Bàbá. Bí ẹ ṣe máa ń mú ojú ọmọ gan-an ni. Ọjọ́ kejì ni mo ní kí Àǹtí Síkírá bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Àǹtí ní kí ni òun máa sọ fún àwọn ààfáà. Mo ní àwọn ààfáà Ṣakí kò fẹ́ràn iṣẹ́ ilé wa rí, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ yín náà ni wọ́n ń gbé ọmọ wọn wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá mi lọ.

Ẹ má rò pé kíá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́. Ọsàn ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́, ọ̀gá gbé awọ kan sórí tábìlì, wọ́n ní òun ló jọ awọ ènìyàn jù. Mo bèèrè ẹran tó ni awọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, wọ́n wá ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, pé kì í ṣe ẹran ààyè. Nígbà tí ó yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Ọ̀dọ̀ alápatà tó jẹ́ Mùsùlùmí ni a ti wá ra awọ ewúrẹ́, lẹ́yìn náà pọ̀nmọ́. Àǹtí Síkírá ní òun ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń ya òdòdó sára pọ̀nmọ́ rí. Ẹ fọkàn balẹ̀, a kì í sè é.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ nídìí iṣẹ́, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun náà ni ọ̀gá ń sọ lédè tiwọn. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé jù, tàdáwà á fọ́n ká sínú ẹran ara, ilà á sì wú. Bí kò bá wọlé tó, á bá èépá ṣí kúrò. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ojú kò lè rí i. Mo ba pọ̀nmọ́ jẹ́ kí ó tó yé ọwọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi, òun ni wọ́n sì ń kọ́ mi títí di òní. A ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, a ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, a ó fi nálọ́ọ̀nù bo tábìlì. Ojú oníbàárà ni a ti ń ṣí páálí abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ló ni abẹ́rẹ́ kan. Tí a bá ṣe tán, inú ike líle ló ń lọ, kì í padà jáde. Ìwọ̀nba tàdáwà tí ẹni yẹn máa lò ni a ń dà sí ìdérí kékeré, èyí tó bá ṣẹ́kù, a ó dà á nù. Ọkùnrin kan tó ń pẹja ní Nangbéto bínú sí wa lórí èyí, ó ní a ń fi nǹkan ṣòfò, pé kí a fi èyí tó kù síbẹ̀ ṣe ti òun. Ọ̀gá ní kí ó máa lọ sílé.

Mo fẹ́ fi omi ìgbín ṣe wọ́n lóore nígbà kan. Ọmọbìnrin kan wá láti Akparé, ẹlòmíràn ló fín in lára, apá rẹ̀ ti wú, ó gbóná, ó ń ṣọyún. Kí ọ̀gá tó sọ nǹkan kan, mo ti sáré lọ ra ìgbín, mo ti ń fọ́ ìdí rẹ̀, torí bí ẹ ṣe máa ń tu ojú ilà lára nìyẹn. Ọ̀gá gba ìgbín lọ́wọ́ mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní ìyá àgbà tiwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò sì bú u, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ìgbín ń fà nínú rẹ̀ kiri, ojú ọgbẹ́ kì í sì í ṣe ibi tí a ń kó ilẹ̀ sí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n mú ọmọbìnrin náà lọ. Àǹtí Síkírá ló fi ìgbín yẹn se ọbẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ara ènìyàn, wọ́n ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tó gún mi ṣàlàyé wọn fún mi. Ọ̀kan wà fún àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ran ènìyàn. Èkejì wà fún àìsàn kan tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé láti ara irin tí kò mọ́. Ó ní bí ó bá mú ọmọ tuntun, ẹnu rẹ̀ á tì pa, kò ní lè fa ọmú mọ́, ara rẹ̀ á sì gan. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka oúnjẹ tó wà lọ́jà, ó ti ń múra de ẹni tó kàn.

Bàbá, ẹ mọ ohun tí mo rántí. Wàsíù ni. Àbúrò tó tẹ̀ lé mi. Mo ti dàgbà tó láti máa gbé omi fún Ìyá nígbà náà, mo sì rí i. Ẹ dábẹ́ fún un, ojú ọgbẹ́ ti ń jiná, gbogbo wa ń yọ̀. Lẹ́yìn náà kò mu ọmú mọ́. Ìyá ń fi ìka la ẹnu rẹ̀, kò là. Àwọn ará ilé ní àbíkú ni, a sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn láti gbà. Mi ò sọ pé abẹ ló pa á. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin ò mọ̀, ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ kò mọ̀, ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀ báyìí, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ Atakpamé kò dà bíi tiwa. Ó máa ń kó eruku bo àwọn òkè tó yí ìlú ká títí a ò fi ní rí wọn mọ́. Àǹtí Síkírá wà lọ́jà Anié, èmi nìkan ni mo wà nídìí ọjà, ilé ń wù mí gidigidi. Bẹ́ẹ̀ ni Àlájì Gáníyù wọlé, wọ́n yọ nǹkan tí ẹ fi aṣọ òfì wé láti inú àpò. Mi ò tíì tú u tí mo ti gbóòórùn òrí tí ẹ fi ń pa á. Abẹ agboolé wa ni, èyí tí Bàbá Àgbà fi kọlà sí yín lójú, tí ẹ gbá mi lọ́wọ́ torí rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, pé obìnrin kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́ẹ̀sì, mo sunkún títí oníbàárà fi bi mí pé ta ló kú. Kò sí nǹkan tí ẹ ti fún mi láyé mi tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Àlájì wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wọn. Ẹ ní ẹ ti gbọ́ pé mò ń kọ́ iṣẹ́ ara fínfín, pé ọmọ olóólà kì í fi irin àjèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí n fi abẹ náà ṣá ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá máa fín, díẹ̀ péré, kí ẹ̀jẹ̀ yọ, kí n tó gbé ẹ̀rọ. Ẹ ní kí n wá fi í rán Àlájì padà, torí ọmọ Múfútáù ń dúró dè é fún ìdábẹ́. Wọ́n ní Wàsíù ni ẹ sọ ọmọ náà, kí orúkọ àbúrò mi má bàa parẹ́.

Mo gbé abẹ náà lọ fún ọ̀gá. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó gbà á, wọ́n yí i wò, wọ́n yin alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Mo bi wọ́n bóyá bí a bá sè é nínú omi gbígbóná, kò ní mọ́. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ hàn mí, ibi tí irin ti wọ inú igi, ibi tí awọ ti wé e, wọ́n ní kí ni omi fẹ́ ṣe débẹ̀. Wọ́n ní kò lè gun tábìlì àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ò lè sọ fún mi bí mo ṣe máa dá bàbá mi lóhùn.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo tẹ́ abẹ náà sórí ìwé, mo fi lẹ́ẹ̀dì tọ etí rẹ̀ yí po. Mo fọ ọwọ́ mi, mo ṣí abẹ́rẹ́ tuntun, mo sì fín àwòrán abẹ náà sí apá òsì èmi fúnra mi, ọ̀gá ń wò mí. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ilà náà wọ́ díẹ̀ níbi èèkù, torí pé mo gbàgbé láti mí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Nítorí náà, irin àjèjì kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Abẹ yín ti wọ ara mi, kò sì gé ẹnikẹ́ni.

Òun fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi nínú agolo, mo fi òrí pa á. Ó ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jẹ́ kó sinmi. Àwọn abẹ tuntun tí wọ́n dì sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fi rán Àlájì dípò rẹ̀, torí àwọn ọmọ tí wọn yóò ṣì máa gbé wá bá ẹ̀yin àti Múfútáù tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ọ̀kan fún ọmọ kan, kí wọ́n sì jù ú nù. Ṣùgbọ́n Wàsíù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ni kí ẹ dì í lẹ́sẹ̀ mú, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe àdúrà sí i létí. Kò sí nọ́ọ̀sì tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín. Mo lè fara da ìbínú yín, torí ẹ kì í fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí kí ẹ má fi tòsì fà á mọ́ra. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí fóònù mi dún, kí Múfútáù sọ fún mi pé ọmọ ò mu ọmú mọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, yóò sì jẹ́ kí ojú Ìyá tún rí ayọ̀. Ẹ bá mi kí ọmọ tuntun kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún un pé mò ń bá a tọ́jú nǹkan kan níbí. Kí ó dàgbà, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Atakpamé, èmi yóò ṣí agolo náà, èmi yóò sì fi han Wàsíù.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ olóólà,
Ráfíátù