Àmì Kan Ṣoṣo Tó Wà Lókè Aṣọ Funfun

Abúlé Quillumarca,
Ọjọ́rú, oṣù kẹsàn-án.

Nélida ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé òtútù Lima ò mú ọ jù, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó ń mú oòrùn yọ sórí òkè kò ní jẹ́ kí kùrukùru bo ọ̀nà rẹ. Wúńdíá Mímọ́ á máa ṣáájú rẹ, á sì máa tẹ̀lé ọ. Ibi tí o bá dé, àga lo máa bá, o ò ní bá ìdúró. Àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Kùrukùru ti ń sọ̀kalẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó bo gbogbo ojúlé, tí èèyàn bá ń bọ̀ lọ́nà, fìlà rẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ rí, kí ara rẹ̀ tó wá tẹ̀lé e. Ọ̀dùnkún ta dáadáa lọ́dún yìí. Capitán, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa, ti ń darúgbó, ó ń kí ọ.

Ṣé o mọ̀ pé tí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ kí ni Nélida ń ṣe ní Lima, mo máa ń sọ pé ó ń ka iye èèyàn fún ìjọba. Mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi oṣù tó kọjá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti yunifásítì pẹ̀lú ọ̀gá wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, pé àwọn fẹ́ mọ bí a ṣe ń pọn omi. Mo ní ojú omi nìyẹn, korobá rèé, kí ló kù? Wọ́n ní rárá, ìwádìí ni. Èyí tó wá bá mi nílé ń jẹ́ Araceli, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó jẹ àgbàdo yíyan tí mo fún un láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ìwé kan fún mi kí n fọwọ́ sí i, ó ní wọn ò ní sọ orúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, Olùkópa Kọkànlélógún ni wọ́n á máa pè mí. Mo ní ọmọ mi, ikọ́ mi nìkan ti tó fún gbogbo abúlé láti mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i. Ó wá gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì, kí n má baà lo èyí tó ṣẹ́ kù tán.

Ohun tó bi mí ni pé tí mo bá gbé korobá jáde, ó máa ń tó wákàtí mélòó kí n tó padà délé. Mo ní mẹ́rin, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, ẹ̀rọ yẹn sì gbọ́.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n padà wá láti fi ohun tí wọ́n rí hàn wá. Wọ́n fi aṣọ òtútù dí gbogbo fèrèsé ilé ìwé, wọ́n ta aṣọ funfun kan sára ògiri, ẹ̀rọ kan sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ fi búrẹ́dì roboto kan hàn wá, wọ́n ti gé e, èyí tó tóbi tóbi, èyí tó kéré kéré. Doña Eufemia, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní tí wọ́n bá fẹ́ pín in, kí wọ́n má gbàgbé pé òun ni òun tètè dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá wọn ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wa ló sọ pé omi náà ń rú. Ẹnu yà mí. O mọ̀ pé ilé méjìdínlógójì péré la jẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì bi ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ibo ni wọ́n ti rí ọgọ́rùn-ún? Mo rò ó títí, mo wá gbà pé àwọn tó wà ní itẹ́ òkú ni wọ́n kà mọ́ wa. Inú mi dùn gan-an, nítorí pé wọ́n ka ìyá rẹ nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ṣì ń kà á.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ya ìlà kan tó dùbúlẹ̀ àti ìlà kan tó dúró, àwọn àmì dúdú wẹẹrẹ sì kún ìsàlẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Mo ní abúlé wa rèé. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lókè réré, òun nìkan, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Àánú ẹni yẹn ṣe mí, Nélida. Mo dìde, mo ṣí fìlà, mo ní ẹ̀yin ará ilé, ẹ wo ẹni yìí bó ṣe lọ kọ́lé sórí òkè níbi tí kò sí igi ìdáná, ẹ jẹ́ ká ran èèyàn lọ mú un sọ̀kalẹ̀, mo ní àpò ọ̀dùnkún kan àti kúbùsù tí mo lè fún un. Àwọn kan ti ń mi orí. Araceli wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní Bàbá, ẹ̀yin ni. Ó ní kì í ṣe òkè ló wà níbẹ̀, wákàtí ni, gbogbo èèyàn lo ìdajì wákàtí, èmi nìkan ni mo lo mẹ́rin. Gbogbo ilé ìwé bú sẹ́rìn-ín. Doña Eufemia ní Bàbá Nélida, ṣé ṣíbí lẹ fi ń pọn omi yín ni? Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni n bá ṣe.

Ṣùgbọ́n onírùngbọ̀n yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àmì náà ti ṣì, pé ó ń fa wákàtí gbogbo abúlé sókè, ó fi kálámù pupa yí i ká, ó ní àwọn máa yọ ọ́. Ó ní àfi tí Bàbá bá gbà pé ìdajì wákàtí ni, káwọn kàn sún un wá sáàárín àwọn tó kù. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n fi rò ó. Mo bẹ Araceli kí ó fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ sínú ẹ̀rọ hàn án, torí pé ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n da ohùn mi kọ sí, wọ́n ti fi àwọ̀ kùn ún: ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ omi jẹ́ pupa rúsúrúsú, ibi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ojú ìwé kan gbáko wà tó funfun báláú. Mo ní èyí ńkọ́? Ó ní ibẹ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ yín, a ò ní àwọ̀ fún un. Ojú tì í nígbà tó sọ ọ́, ọmọ dáadáa ni.

O rántí òkúta ńlá tó wà níbi tí ọ̀nà omi ti yí? Ibẹ̀ nìkan ni fóònù tí o rà fún mi ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo abúlé yìí. Ìdajì wákàtí ni mo fi ń pọn omi bíi ti gbogbo èèyàn. Ìyókù, orí òkúta ni. Níbi ọdún Àgbélébùú, nínú oṣù karùn-ún, o ní wàá tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ Lima gùn ju tiwa lọ. Mo máa ń fi fìlà onírun wé fóònù náà kí òtútù má baà dí i lóhùn. Èmi kì í pè ọ́, kí n má baà pè nígbà tí o bá ń kà, kí o wá ṣì kà nítorí mi.

Lánàá oorun gbé mi lọ lórí òkúta yẹn lọ́sàn-án, kùrukùru bò mí mọ́lẹ̀, mo sì lálàá pé inú aṣọ funfun yẹn ni mo wà. Gbogbo ará abúlé wà nísàlẹ̀, kálukú wọn ti di àmì dúdú, ṣùgbọ́n mo fi ìrìn wọn dá wọn mọ̀. Ìyá rẹ wà láàárín wọn, ó ń fọ abọ́, kò sì darúgbó sí i. Mo wá ọ káàkiri. Mo bi í pé ibo ni àmì Nélida wà, ó ní aṣọ náà ò fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó dùn mí lójú oorun. Capitán ló fi imú tútù rẹ̀ kàn mí lọ́rùn tí mo fi jí.

Torí náà mo bẹ̀ ọ́, ìwọ tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bá onírùngbọ̀n yẹn sọ̀rọ̀ kí ó má yọ mí. Mi ò lè sọ pé ìdajì wákàtí ni. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé mi ò jókòó níbẹ̀ rí nìyẹn. Fi owó sol ogójì ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra bàtà òjò, àti sol mẹ́wàá fún fóònù, nítorí obìnrin ilé ìtajà ní tí mi ò bá fún un ní nǹkan, nọ́ḿbà náà máa kú, mi ò sì fẹ́ sìnkú mọ́ nínú ilé yìí. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Ohun tí o bá kà kò ní dín. Ọ̀nà tí o bá gbà jáde lo máa gbà wọlé, ọmọ tìrẹ náà á sì mọ̀nà ilé rẹ.

Mo bi Araceli kó tó wọ mọ́tò pé ṣé irú àmì bẹ́ẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn máa padà wá béèrè lọ́dún tó ń bọ̀, tí mo bá ti ń tètè délé nígbà náà, á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, á lọ bá àwọn tó kù. Kò nira, ọmọ mi. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo wà níbẹ̀. Kí o kàn pè mí, kí o ní, Bàbá, ẹ máa gbé omi yín lọ sílé. Màá dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Teodomiro.