Mo Gé Ṣẹ́ẹ̀tì Òkú

Ọjọ́ Ẹtì, Douala.

Rẹ̀mí, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́.

Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì Délé ọmọ mi tó kú, bàbá rẹ, sí ẹyẹ àti labalábá. Òwú tí mo rà lọ́jà Marché Congo ni mo fi rán wọn mọ́ aṣọ ìbora fún ọ. Mi ò dúró kí ẹbí kọ́kọ́ pín ẹrù òkú. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. "Ìyàwó, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ wa dà?"

Mo tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ mú ẹyẹ tó bá bá yín mu, kí ẹ wọ̀ ọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ.

Rẹ̀mí, má sunkún sórí ìwé.

Abẹ́rẹ́ mi ṣì wà lára labalábá tí mi ò tíì rán tán. Mi ò sọ fún un.