Wọ́n ti yọ ohùn Bàbá kúrò

Àbígbẹ̀yìn, má tan tẹlifíṣàn fún Màmá o. Tí wọ́n bá bèèrè, sọ pé ó ti bàjẹ́.

Àwọn tó ra ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn eré ìdárayá agbègbè wa ti bẹ̀rẹ̀ ìranù wọn láàárọ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀ lé lórí nígbà ayé wọn ni iléeṣẹ́ náà ṣì ń fi hàn, àmọ́ ohùn ẹlòmíì ló ń pariwo níbẹ̀.

Màmá ní, "Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá yín nìyẹn. Kò burú, á tètè wálé lónìí." Ni wọ́n bá wọṣọ, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó.

Ohùn Bàbá yẹn ni mo fi ń tàn wọ́n pé Bàbá wà níbi iṣẹ́. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Mi ò sì lè sọ fún wọn mọ́ pé a ti sin Bàbá, torí wọ́n máa ń gbàgbé, gbogbo ìgbà tá a bá sọ ọ́ ló máa ń dà bí ìgbà àkọ́kọ́ lára wọn. Má bínú pé mo sá jáde.

Oúnjẹ ẹ wà nínú ìkòkò. Má fọwọ́ kan àwo orí tábìlì, ti Bàbá ni. Má sì ti ilẹ̀kùn iwájú. Mo fẹ́ tì í, Màmá ní ṣé mo fẹ́ kí bàbá mi máa kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn ni.