Máàkì Mọ́kàndínlógún Tí Fàrídà Gbà

Ìdí-Osè, lẹ́bàá Ẹjìgbò,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Fàrídà, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù aléèkúmù. Ṣé ara Ràsákì ọkọ rẹ le? Ṣé Ọlásúnkànmí ń mu ọyàn? Ṣé ariwo ọjà Totsi kì í jí i lójú oorun? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín ní Lomé níbẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú tí o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, mo sì wà níbẹ̀ títí ó fi bí wọn tán, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé agbẹ̀bí ni mí, n kò lè gbọ́ igbe ẹni tó ń rọbí kí n jókòó, ìbáà jẹ́ ẹran.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé àgbà, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti pè ọ́ títí. Obìnrin kan tó ń sọ Faransé ló máa ń gbé fóònù rẹ. Mo kí i dáadáa, mo ní kí ó pè ọ́ wá, mo tilẹ̀ ní kí ó bá mi gbé omi kaná fún ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, kò sì kí mi padà. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹ gbà, ẹ kọ́ ọ ní ìkíni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ràsákì fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́ sí fóònù Hàrúnà ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní agbẹ̀bí ilé ìwòsàn yín bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́wàá, o sì gba mọ́kàndínlógún nínú ọgbọ̀n, kí a fi àdúrà ràn yín lọ́wọ́. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi bímọ, kò tíì pé oṣù méjì, ó tún jókòó ṣe ìdánwò lédè Faransé, ó sì yege. Hàrúnà ní máàkì náà sàn ju gbogbo èyí tí òun gbà nílé ìwé lọ. Mo pa àkùkọ, mo pín in káàkiri agbo ilé, mo ní kí Ààfáà bá wa dúpẹ́.

Àná ni mo mú fọ́tò náà lọ han Ayọ̀olúwa, nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera wa, kí ó lè mọ irú ọmọ tí mo bí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ìwé náà wà lọ́dọ̀ àwọn náà, pé ìbànújẹ́ abiyamọ ni wọ́n fi ń wọ̀n, ẹni tó bá gba púpọ̀ ni ẹrù pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè kẹwàá ń béèrè bóyá o ti rò ó láti pa ara rẹ lára. O fi àmì sí i pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Mo ní kí ó tún un kà fún mi.

Mo bi í pé ṣé ọ̀bẹ tí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ jáde ló fà á. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn tó ṣèwádìí rí i pé ó pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, pàápàá àwọn tí wọ́n sáré gbé wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti rọbí títí, bíi tìrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n là kò ní in, ẹni tó fi ara rẹ̀ bí náà sì lè ní in. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìrora, àìsùn, àti kí ènìyàn má rí ẹni fẹ̀yìn tì. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà, ó sì ní ìtọ́jú.

Nígbà náà ni mo rántí Ìyá Ìgè. Ọwọ́ mi ni ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ jáde sí, ọ̀bẹ kò sún mọ́ ọn. Odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi wo ojú ọmọ náà. Èmi ni mo sọ pé agídí ló ń ṣe.

Ọjọ́ tí ìwọ bímọ, gbogbo ènìyàn kí ọ kú ewu ọmọ, èmi nìkan ni n kò kí ọ. Mo ní ewu wo ló wà nínú kí ènìyàn sùn kí wọ́n gbé ọmọ fún un, mo ní wọ́n bá ọ bí i ni. O gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin Faransé yẹn ti ń gbé e.

Hàrúnà ti pe Ràsákì láàárọ̀ yìí. Mo ní kí ó má fi ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan, kí ó sì mú ọ padà lọ bá dókítà lónìí. Bá a lọ, jọ̀wọ́. Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Lomé lọ́la ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Kí Ràsákì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè tẹ̀lé e. Ǹ bá ta ewúrẹ́ dúdú náà, ṣùgbọ́n abiyamọ ni òun náà, n kò fẹ́ yà á kúrò lára ọmọ.

Ayọ̀olúwa ní wọ́n á tún bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́wàá náà. Sọ òótọ́ fún wọn, má dín in kù nítorí mi. Bó pẹ́ bó yá, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o fìdí rẹmi, kí o gba òdo, kí n pa àkùkọ kejì.

Àṣàkẹ́ mi, o kú ewu ọmọ. Ewu ńlá ni.

Ìyá rẹ,
Ìsìlámíyátù.