Ọjọ́ Tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Rẹ Mú Mi Lọ sí Pápá Àárín

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ gan-an ni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti lọ? Ní tèmi, orúnkún ń ké, ojú sì ń ṣe bàìbàì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo jí lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, torí ẹkún kò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ yà sílé mi láti ibi tó ti ń ṣe búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀. Ó ti fi Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo, sọ́dọ̀ aládùúgbò. Báàgì tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń kó àwo eré rẹ̀ sí ló gbé kọ́ èjìká. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ ju àwo." Mo ní àwo tí èmi mọ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń bù sí i, ọmọ tó bá sì jù ú, ìyá rẹ̀ á nà án. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Láti ìgbà tí àìsàn ti gba ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, mi ò fẹ́ gbọ́ nípa ibi tó ti máa ń ju àwo rárá. Àṣé ibẹ̀ tóbi. Pápá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà tẹ́jú gbalasa, àwọn ọmọ ilé ìwé kún un fọ́fọ́. Ti àwọn ògbóǹtarìgì gba etí adágún omi. Bí àwo rẹ bá já síbẹ̀, ó dìgbà. Èyí àárín gba inú igi gòkè, kò rọrùn jù, kò sì le jù. Ibẹ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń lọ. Mo ní ká lọ síbi àwọn ọmọdé, ó kọ̀.

Wọn á ní kí o ju àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan síbi apẹ̀rẹ̀ irin tó wà lókèèrè, tí ẹ̀wọ̀n rọ̀ yí ká. Ibi tó bá balẹ̀ sí ni wàá ti tún un jù, títí á fi wọlé. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Àwo tèmi fò bí ẹyẹ, ó sì lọ kọlu igi bí ọ̀mùtí. Ó ní, "Màámi, ẹ dẹwọ́, kì í ṣe òkò lẹ̀ ń jù." Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Bí a ṣe ń gòkè, ojú ọjọ́ ṣú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ dé iwájú apẹ̀rẹ̀ kan, ibi tí ọmọdé pàápàá ò lè tàsé. Ó jù ú, kò wọlé. Ó tún un jù, kò wọlé. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ó ní, "Màámi, mo ti rí iṣẹ́ nílùú àwọn òbí mi. Lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti Tẹ́ẹ́rẹ́ á kó lọ."

Ọmọ yẹn ló kù fún mi lára ẹ̀gbọ́n rẹ: bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń họ orí bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì ni?" Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń ju àwo bọ̀ lẹ́yìn wa ti bá wa. Ó rí báàgì, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ̀yin màmá, ṣebí báàgì Oníná nìyí? Bó bá ti tàsé, gbogbo igbó ló máa ń gbọ́ igbe rẹ̀! Ibo ló sá sí?" O mọ̀ pé iṣẹ́ iná mànàmáná ló jẹ́ kí wọ́n máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Oníná. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú mi. Èmi tí mo máa ń sọ pé ó ti lọ sinmi, mo ní, "Ó ti kú." Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó sì rọra kọjá.

Ìgbà náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. "Màámi, bí wọ́n ṣe ń bi mí nìyẹn, níbi iṣẹ́, nílé ìwé Tẹ́ẹ́rẹ́, lójú títì. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ẹnu ara mi pa á."

Èmi tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu mi ti korò bí ewúro. Mo na ọwọ́ sí i, ó dìde. Òjò bẹ̀rẹ̀, a kò ju àwo mọ́, a sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Máa kó lọ, ọmọ mi." Ó dì mọ́ mi, a sì jọ sunkún, àwọn èrò ń wò wá.

Wọ́n ní ìlú náà tutù. Mo ti ń rán ẹ̀wù òtútù fún Tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ká aṣọ púpọ̀ sínú ní etí ẹ̀wù náà, kí wọ́n lè máa tú u bí ọmọ náà bá ṣe ń ga, torí mi ò mọ ìgbà tí màá tún wọn ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ẹkún kí ara wa mọ́. Ilé rẹ á tòrò, ọ̀nà rẹ á là.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣàárò rẹ.

Mo tún rántí: mo mọ ẹnu rẹ. Má pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ láti bá a jà. Bó o bá máa pè é, bi í bóyá ó ti rí ilé.