Dókítà Ọmọ́yẹlé Ọláyíwọlá, Ẹni Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Fa Ìṣirò Rẹ̀ Padà

Awoye, létí òkun, ni wọ́n ti bí màmá, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1955. Bàbá wọn, Olóògbé Sunday Òkìkí, apẹja ni. Ìyá wọn ń yan ẹja tà.

Awoye ni wọ́n ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá fún girama, wọ́n sì lọ ka físíìsì ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti wá di olùkọ́. Ọdún 1982 ni wọ́n fẹ́ tíṣà kan tó wá láti Ọ̀yọ́, bàbá wa Kọ́lájọ Ọláyíwọlá.

Iṣẹ́ wọn ńkọ́? Kúákì ni. Kúákì ni nǹkan tíntìntín tó wà nínú ohun gbogbo. Mẹ́ta-mẹ́ta ló sábà máa ń wà pọ̀, tàbí méjì-méjì, àmọ́ àwọn àjèjì kan wà tó jẹ́ márùn-ún. Màmá fẹ́ mọ ohun tó so márùn-ún pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá so ọkọ̀ méjì pọ̀ lórí ìgbì, a kì í fa okùn le, kí wọ́n má baà gbá ara wọn. Bí màmá ṣe ṣe ìṣirò wọn nìyẹn: mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan, méjì nínú èkejì, okùn dẹ̀ láàárín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013, wọ́n sì yìn wọ́n gan-an. Òun ni yunifásítì fẹ́ fi sọ wọ́n di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní 2016.

Akẹ́kọ̀ọ́ wọn, Gbọ́láhàn, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, ló wá bi wọ́n pé, “Mà, ta ló ní okùn yẹn gbọ́dọ̀ dẹ̀?”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ òkè! O ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ìyẹn lo ṣe ń bi mí!”

Ṣùgbọ́n wọ́n padà tún ìṣirò náà ṣe, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ òkè ló jàre. Inú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni márààrún wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń yan Ọ̀jọ̀gbọ́n sì máa jókòó lóṣù tó ń bọ̀.

Bàbá ní, “Ìyá Ọpẹ́, ṣé o ò lè jẹ́ kí wọ́n jókòó tán ná?”

Màmá ní, “Ẹ má bá mi sọ ọ́. Mo ti mọ̀, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.”

Wọ́n kọ̀wé, wọ́n fà á padà. Ìgbìmọ̀ ò dárúkọ wọn mọ́. Iṣẹ́ tuntun jáde ní 2018, orúkọ Gbọ́láhàn ló ṣáájú. Màmá fẹ̀yìn tì ní 2020.

Wọn kì í pa ìsìn àárọ̀ Sunday jẹ. Gbogbo oṣù kẹjọ ni wọ́n ń wálé wá kọ́ àwọn ọmọ Awoye ní físíìsì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.

Bàbá wa ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: Ọpẹ́fólúwa, Ìtẹ́olúwakìṣí àti Promise, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Àwọn kan tó fẹ́ràn màmá ní ká kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n síwájú orúkọ wọn nínú ìwé ìsìnkú yìí, pé ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣeun o. A ò kọ ọ́.

Ó dàárọ̀ o, Dókítà wa. Kí ibi tí ẹ lọ tù yín lára.