Lẹ́tà Tí Ìjòyè Ò Ní Kà

Judit mi,

Lẹ́tà tí Ìjòyè máa kà sétí ìjọ lọ́jọ́ àdúrà dùn gan-an. Mo ní ara gbogbo wa le. Eléyìí, tìẹ nìkan ni. Atukọ̀ kan ló bá mi fi pamọ́ sínú bàtà rẹ̀.

Ìjòyè ṣe wá lóore, mi ò jiyàn. Nígbà tí wọ́n lé wa nílé nítorí ìgbàgbọ́, òun ló fún wa nílẹ̀. Àmọ́ ó kọ̀wé pé lọ́jọ́ Àjíǹde, òun máa ṣẹ́ kèké láti mọ̀ bóyá kó o wá bá mi ní erékùṣù yìí.

Nínú lẹ́tà ìjọ, mo ní ibà ibí ò le tó bẹ́ẹ̀. Lánàá, Káspárì tá a jọ wá wàásù níbí ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Melkió, ṣebí ìwọ lo fò sókè nígbà tí kèké mú ẹ pé kó o wá síbí!"

Mo ní, "Ìwọ tó o ti di ẹrù kó tó mú ẹ ńkọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ẹrú tó ń gbọ́ ìwàásù wa ló bá mi gbẹ́ sàréè Káspárì láàárọ̀ yìí.

Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o fẹ́ wá. Sọ pé rárá. Tí Ìjòyè bá ti tọwọ́ bọ àpótí kèké, kò sẹ́ni tó máa lè sọ̀rọ̀ mọ́; wọ́n á ní Ọlọ́run ló sọ ọ́.

Bá mi kí Màmá. Kí Rosina, ìyàwó Káspárì. Nínú lẹ́tà ìjọ, ọkọ rẹ̀ ṣì ń kí i.

Melkió